Wáyà Tí A Fi Ọwọ́ So Kì í Ṣe Àmì Òṣì

Ojú ni ọ̀pọ̀ wa fi ń ra ẹ̀rọ. Bí a bá tú ìdí rédíò tàbí inverter, tí a sì bá pánẹ́ẹ̀lì aláwọ̀ ewé níbẹ̀, tí ọ̀nà iná orí rẹ̀ tò lọ gbọọrọ láìfarakanra, a ó ní ojúlówó nìyí. Bí ó bá jẹ́ wáyà pupa, wáyà dúdú àti wáyà funfun ni a bá, tí wọ́n gba orí ara wọn kọjá, tí lẹ́ẹ̀dì sì ki mọ́ ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, kíá ni ohùn wa á ti yí padà: ta ló lẹ eléyìí pọ̀? Irú ojú bẹ́ẹ̀ ti wọ yàrá ìdánwò pẹ̀lú. Ní ọ̀pọ̀ pọlitẹ́kíníìkì àti yunifásítì wa, orí breadboard ni akẹ́kọ̀ọ́ ti kọ́kọ́ ń dán sákíìtì iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ wò, kó tó kó o lọ sórí Vero board, níbi tí yóò ti fi lẹ́ẹ̀dì àti wáyà so gbogbo rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn kan ti ń sọ pé ọ̀nà àwọn tí kò rí já jẹ nìyẹn, pé ayé ti kọjá ibẹ̀, pé akẹ́kọ̀ọ́ tó bá mọ ohun tó ń ṣe, ṣe ló yẹ kó ya àwòrán rẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà, kó fi ránṣẹ́ sí Ṣáínà, kí pánẹ́ẹ̀lì dídán sì wá bá a nílé. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Pánẹ́ẹ̀lì dára fún ohun tí a ti pinnu lé lórí, tí a sì fẹ́ ṣe lọ́pọ̀ yanturu. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ní ìbẹ̀rẹ̀, ó sì ní ọjọ́ ogbó. Ní ìgbà méjèèjì yẹn, ọwọ́ èèyàn ló ni ín. Ilẹ̀ tó sì jẹ́ pé ìkọ́ṣẹ́ àti àtúnṣe ló pọ̀ jù nínú iṣẹ́ ẹ̀rọ rẹ̀, bíi tiwa yìí, kò gbọdọ̀ da ìmọ̀ ọwọ́ náà nù.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ fún pánẹ́ẹ̀lì ní ẹ̀tọ́ rẹ̀. Kó tó dé, wáyà ló kún inú rédíò àti tẹlifíṣọ̀n. Wọ́n á kan àwọn etí irin kéékèèké mọ́ abẹ́ páànù, wọ́n á na ẹsẹ̀ resistor láti etí kan dé èkejì, wọ́n á na ti capacitor láti ibẹ̀ dé ìdí valve, wọ́n á sì fi lẹ́ẹ̀dì gbà á mú. Ọ̀kan lára àwọn tó fẹ́ bá aráyé dín wàhálà yìí kù ni Paul Eisler, ọmọ ìlú Vienna, tí wọ́n bí ní 1907. Ó kó lọ sí London ní 1936, ibẹ̀ ló sì ti ṣe rédíò tí ọ̀nà iná rẹ̀ jẹ́ bàbà pẹlẹbẹ tó lẹ̀ mọ́ pátákó. Ilé-iṣẹ́ tó gbé e lọ fún kò rà á. Gẹ́gẹ́ bí Eisler fúnra rẹ̀ ṣe ròyìn rẹ̀ lẹ́yìn náà, àlàyé wọn ni pé owó táṣẹ́rẹ́ ni àwọn ọmọbìnrin tó ń so wáyà ń gbà, iṣẹ́ ọwọ́ wọn sì ṣeé yí padà nígbàkigbà. Ní ti owó, wọ́n ṣì í rò. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, pánẹ́ẹ̀lì gba ayé kan, nítorí pé ilé-iṣẹ́ lè tẹ ẹgbẹ̀rún kan jáde kí ẹgbẹ̀rún náà má fi nǹkan kan yàtọ̀ síra. Láìsí i, kò sí bí fóònù ṣe fẹ́ kéré tó báyìí, owó rẹ̀ kò sì ní ṣeé gbọ́ sétí. Ṣùgbọ́n ìdajì kejì nínú ọ̀rọ̀ ilé-iṣẹ́ náà kì í ṣe irọ́: ohun tí ọwọ́ so, ọwọ́ lè tú u. Pánẹ́ẹ̀lì tí wọ́n bá ti tẹ̀ jáde pẹ̀lú àṣìṣe, àṣìṣe náà wà lórí gbogbo ẹgbẹ̀rún rẹ̀.

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ẹ̀rọ gan-an kì í bẹ̀rẹ̀ láti orí pánẹ́ẹ̀lì. Ẹni tó bá rò pé àìrówó ló ń múni so wáyà, kó wo iṣẹ́ Jim Williams. Linear Technology ní California ló ti ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ilé-iṣẹ́ tó ń ta àwọn ègé ẹ̀rọ (chip) olówó iyebíye tí ẹ̀rọ ìwọ̀n àti ẹ̀rọ ìwòsàn ń lò nígbà náà. Owó pánẹ́ẹ̀lì kì í ṣe ìṣòro fún wọn. Síbẹ̀, bí Williams bá fẹ́ gbìyànjú sákíìtì tuntun, páálí tí wọ́n tẹ́ bàbà lé lójú ló máa ń gbé ka iwájú. Á dojú ègé náà bolẹ̀ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè na sókè, á jó ẹsẹ̀ èyí tó yẹ mọ́ bàbà, á sì fi resistor àti capacitor so àwọn ẹsẹ̀ yòókù pọ̀ nínú afẹ́fẹ́. Àwọn ará Amẹ́ríkà ń pe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní kòkòrò tó kú, ìrísí rẹ̀ náà kò sì jìnnà sí i. Ní 1991, nígbà tó kọ ìwé ìtọ́sọ́nà lórí amplifier tó ń yára, fọ́tò irú iṣẹ́ rúdurùdu wọ̀nyí ló kó sínú rẹ̀ láìtijú, ilé-iṣẹ́ rẹ̀ sì tẹ̀ ẹ́ jáde fún àwọn oníbàárà. Bob Pease, ẹgbẹ́ rẹ̀ ní National Semiconductor, ń ṣe bẹ́ẹ̀ náà. Oṣù kan náà ni àwọn méjèèjì kú, ní June 2011. Tábìlì tí Williams ti ń ṣiṣẹ́, tí wáyà àti ègé bò ó débi pé kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí àyè láti gbé ife kọfí lé, ni ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kọ̀ǹpútà ní Mountain View gbé kalẹ̀ fún àwọn èèyàn láti wò.

Kì í ṣe ìwà wèrè ni wọ́n ń hù. Nínú sákíìtì tó bá ń yára, wáyà kì í ṣe wáyà lásán mọ́. Sẹ̀ǹtímítà kan péré lára wáyà tín-ín-rín ní inductance tó tó nanohenry 8 sí 10, ìyẹn ti tó láti ba iṣẹ́ amplifier tó dára jẹ́. Breadboard tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fẹ́ràn kò sì sàn jù ú lọ: àwọn ìlà irin inú rẹ̀ fẹ̀gbẹ́ kẹ̀gbẹ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì ń ṣe bíi capacitor kékeré pẹ̀lú èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí iná yóò fi máa yọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ láti ìlà kan bọ́ sí òmíràn. Ṣùgbọ́n nínú iṣẹ́ Williams, ojú bàbà gbalasa ni gbogbo iná ti ń padà sílé ní ọ̀nà tó kúrú jù lọ, ẹsẹ̀ ègé tó wà nínú afẹ́fẹ́ kò sì súnmọ́ ohunkóhun tó lè dí i lọ́wọ́. Nítorí náà, iṣẹ́ tó rí jákujàku lójú lè yanjú ju èyí tó tò nigín-nigín lọ. Àǹfààní tó tún ju ìyẹn lọ ni pé bí resistor kan bá pọ̀ jù, ìṣẹ́jú kan ti tó láti yọ ọ́, kí a fi òmíràn sí i, kí a sì wo ohun tó yí padà lójú ẹsẹ̀. Télọ̀ tó bá fẹ́ rán agbádá olówó ńlá kì í gbé e lé ẹ̀rọ ìránṣọ láìtíì fi òwú gán an kí oníbàárà wọ̀ ọ́ wò. Ohun tí Williams ń ṣe nìyẹn.

Àwọn kan á ní ìyẹn dára fún tábìlì ìwádìí, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ fi ẹ̀mí èèyàn lé wáyà tí ọwọ́ so? Ìdáhùn rẹ̀ ni pé wọ́n ti fi lé e rí, wọ́n sì fi lọ sí òṣùpá. Kọ̀ǹpútà tó tọ́ ọkọ̀ Apollo sọ́nà ní ibi ìpamọ́ ọ̀rọ̀ tí kò ṣeé pa rẹ́, tó gba ọ̀rọ̀ 36,864. Híhun ni wọ́n hun ún. Àwọn òṣìṣẹ́, tó jẹ́ pé obìnrin ló pọ̀ jù nínú wọn, ló jókòó ní ilé-iṣẹ́ Raytheon ní Waltham, ní ìpínlẹ̀ Massachusetts, tí wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ ti wáyà bàbà tín-ín-rín gba inú àwọn òrùka irin kéékèèké. Wáyà tó bá gba inú òrùka kọjá jẹ́ 1. Èyí tó bá gba ìta rẹ̀ jẹ́ 0. Kì í ṣe pé wọ́n kàn ń fi ojú wọ̀n ọ́n o. Ẹ̀rọ kan tó ń ka ìwé tí wọ́n dá ihò sí lára ló ń sún òrùka tó kàn wá síwájú ihò, tí obìnrin náà yóò fi abẹ́rẹ́ gba ibẹ̀ kọjá, lẹ́yìn náà wọ́n á dán gbogbo rẹ̀ wò. Nígbà tí Apollo 12 gbéra ní November 14, 1969, àrá sán lu ọkọ̀ náà lẹ́ẹ̀mejì kí ìṣẹ́jú kan tó pé. Ọ̀pọ̀ iná ìkìlọ̀ tàn lójú àwọn tó wà nínú rẹ̀, àmọ́ ọ̀rọ̀ tí wọ́n hun sínú kọ̀ǹpútà kò parẹ́. Ká sòótọ́, àpẹẹrẹ yìí kò gbè mí pátápátá: ohun tí wọ́n bá ti hun tán níbẹ̀ kò ṣeé tú bọ̀rọ̀, àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà náà sì gbọ́dọ̀ parí tiwọn tipẹ́tipẹ́ kí ọkọ̀ tó fò. Ohun tó fi hàn ni pé àìṣọ́ra ló ń ba iṣẹ́ jẹ́, ìyẹn tó jẹ́ pé ilé-iṣẹ́ onípánẹ́ẹ̀lì náà ní i.

Èyí tó wá gbè mí gan-an ni kọ̀ǹpútà Cray-1. Seymour Cray kọ́ ọ ní Chippewa Falls, ìlú kékeré kan ní Wisconsin, èyí àkọ́kọ́ sì dé ibùdó ìwádìí Los Alamos ní 1976, nígbà tí kò sí kọ̀ǹpútà tó yá tó o. Pánẹ́ẹ̀lì wà nínú rẹ̀, ó lé ní 1,600, ṣùgbọ́n oríṣi wọn kò ju 113 lọ. Ìyẹn ni pé ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe ní àṣetúnṣe ni wọ́n tẹ̀ sórí pánẹ́ẹ̀lì. Ohun tó so pánẹ́ẹ̀lì kan mọ́ èkejì jẹ́ wáyà tí wọ́n lọ́ ní méjì-méjì, tí gígùn gbogbo rẹ̀ tó nǹkan bí máìlì 60, ọwọ́ ni wọ́n sì fi so ó lọ́kọ̀ọ̀kan. Iná kì í rìn ju nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà kan lọ láàárín nanosecond kan, aago ẹ̀rọ náà sì ń lù ní nanosecond 12.5. Wáyà tó bá gùn jù tàbí tó kúrú jù á mú kí ọ̀rọ̀ dé lákòókò tí kò yẹ. Nítorí náà, wọ́n ṣòfin pé wáyà kankan kò gbọdọ̀ gùn ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin lọ, bí àkókò bá sì yẹ̀ díẹ̀ níbì kan, wọ́n á pààrọ̀ wáyà ibẹ̀ sí èyí tó gùn jù ú lọ tàbí èyí tó kúrú jù ú lọ. Ẹni tó ní owó, tó ní ìmọ̀, tó sì ní pánẹ́ẹ̀lì níwájú rẹ̀ ló fúnra rẹ̀ pín iṣẹ́ náà bẹ́ẹ̀: ohun tí wọ́n ti pinnu lọ sórí pánẹ́ẹ̀lì, ohun tó ṣì ń fẹ́ àtúnṣe wà lọ́wọ́ èèyàn.

Ìgbà kejì tí ọwọ́ tún ní ẹ̀rọ ni ọjọ́ tó bá bàjẹ́. Àwọn ará Tektronix ní Oregon mọ èyí, wọ́n sì ṣètò fún un láti ilé-iṣẹ́. Nínú àwọn oscilloscope wọn, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń ya ìrìn iná sójú gíláàsì, ti nǹkan bí ọgọ́ta ọdún sẹ́yìn sí àádọ́rin, orí ọ̀pá tánganran tí wọ́n la ẹnu sí, tí wọ́n fi fàdákà bo ẹnu náà, ni wọ́n ti ń so ẹsẹ̀ ègé mọ́ra. Lẹ́ẹ̀dì lásán a máa jẹ fàdákà yẹn, títí ìsopọ̀ náà yóò fi jábọ́. Lẹ́ẹ̀dì tí wọ́n pò mọ́ fàdákà díẹ̀ ló yẹ ẹ́. Wọ́n wá ká díẹ̀ lára rẹ̀, wọ́n sì fi í sínú àpótí ẹ̀rọ náà kí wọ́n tó tà á, kí ẹni tó máa tún un ṣe lọ́jọ́ iwájú má baà wá lẹ́ẹ̀dì tó yẹ kiri. Bí n bá ń wá ẹ̀rí pé ilé-iṣẹ́ kan bọ̀wọ̀ fún atúnrédíòṣe, n kò mọ èyí tó ju ìyẹn lọ. Zenith, tó ń ṣe tẹlifíṣọ̀n ní Chicago, tilẹ̀ fi ọ̀rọ̀ yìí polówó ọjà fún ọ̀pọ̀ ọdún: wọ́n ní ọwọ́ ni àwọn fi so tiwọn, kò sí pánẹ́ẹ̀lì kankan nínú rẹ̀. Ìpolówó ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n òótọ́ wà nínú rẹ̀, nítorí pánẹ́ẹ̀lì ayé ìgbà náà kò lè fara da ooru valve. A máa jó dúdú, bàbà orí rẹ̀ a sì máa ṣí kúrò. Nígbà tí transistor dé, tí ooru dín kù, Zenith náà gba pánẹ́ẹ̀lì láàyè, kò sì sóhun tó burú níbẹ̀. Àwọn tó ń ta amplifier gìtá tí ọwọ́ so lówó gọbọi lónìí ní tàwọn dùn jù. Èmi kò gbà wọ́n gbọ́ lórí ìyẹn. Ohun tí mo gbà ni pé bí capacitor kan bá kú nínú rẹ̀ lẹ́yìn ọgbọ̀n ọdún, èèyàn á rí i, á sì yọ ọ́ láìba nǹkan mìíràn jẹ́.

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni sọ pé ìyẹn jẹ́ ọ̀rọ̀ ayé àtijọ́, nítorí pé ohun tí àwọn ọmọ wa ń ṣe lójoojúmọ́ ní Computer Village, ní Ìkẹjà, nìyẹn gan-an. Fóònù tó já sómi, tí ọ̀nà iná kan ti jẹ dànù lórí pánẹ́ẹ̀lì rẹ̀, kò ní pánẹ́ẹ̀lì tuntun tí owó rẹ̀ bá ara dé. Jọ́ńpà, ìyẹn wáyà tí a fi ń fo ibi tó já, ló máa gbà á là. Atúnfóònùṣe á fi pánẹ́ẹ̀lì náà sábẹ́ máíkíróskóòpù, á fi orí abẹ ha ọ̀dà kúrò lójú bàbà títí yóò fi tàn, á fi pẹ́ẹ̀sì díẹ̀ pa á, á sì mú wáyà tó fẹ́lẹ́ bí irun orí, tí wọ́n ti fi ọ̀dà bò lára. Á fi lẹ́ẹ̀dì gbígbóná jó ọ̀dà etí rẹ̀ méjèèjì kúrò, á jó etí kan mọ́ ibi tí iná ti ń bọ̀, á tẹ̀ ẹ́ gba àárín àwọn ègé tó kù kọjá, á sì jó etí kejì mọ́ ibi tí iná ń lọ. Ọ̀dà tí iná aláwọ̀ àlùkò ń mú gbẹ ni yóò fi bò ó kó má baà mira. Fóònù á tàn. Síso wáyà lọ́wọ́ láìsí pánẹ́ẹ̀lì nìyẹn, lórí pánẹ́ẹ̀lì tí kò wúlò mọ́. Ó sì yani lẹ́nu pé iṣẹ́ tí a ń sanwó fún lójú ọ̀nà ni a fẹ́ kí ilé-ẹ̀kọ́ ka sí ohun ìtìjú.

Àtakò mélòó kan wà tí n kò fẹ́ fojú fò. Àkọ́kọ́ ni pé pánẹ́ẹ̀lì Ṣáínà ti di ọ̀pọ̀, pé dọ́là díẹ̀ ló ń ná èèyàn láti tẹ márùn-ún. Bẹ́ẹ̀ ni, bí a bá yọ owó ìrìnnà kúrò, bí a bá sì ní sùúrù láti dúró dè é. Ṣùgbọ́n owó kọ́ ni ọ̀rọ̀ mi dá lé. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá rán àwòrán lọ kó tó fi ọwọ́ kan sákíìtì rẹ̀, àṣìṣe rẹ̀ ló ń rà wálé ní ẹ̀dà márùn-ún. Nígbà tó bá dé, abẹ ni yóò fi gé ọ̀nà bàbà, wáyà ni yóò sì fi gba ẹ̀yìn rẹ̀ so ó, tó túmọ̀ sí pé ibi tó ń sá fún náà ló padà sí. Èkejì ni pé ègé ayé òde òní ti kéré jù fún ọwọ́. Òdodo ọ̀rọ̀, àwọn kan wà tí ẹsẹ̀ wọn wà lábẹ́ ikùn, tí irin tí a fi ń yọ́ lẹ́ẹ̀dì kò lè dé ibẹ̀. Irú wọn la ń fi sórí pánẹ́ẹ̀lì kékeré tí wọ́n ti ṣe sílẹ̀, tí àlàfo àárín ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mílímítà 2.54, ìyẹn ìwọ̀n àlàfo àárín ihò Vero board gẹ́lẹ́, tí a ó sì so ìyókù lọ́wọ́. Ẹ̀kẹta ni pé ìsopọ̀ ọwọ́ a máa tú bí ẹ̀rọ bá ń gbọ̀n. Èyí tí kò dára a máa tú. Ṣùgbọ́n ní àwọn ọdún 1950, àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ Bell ní Amẹ́ríkà ti ń wé wáyà mọ́ ọ̀pá irin onígun mẹ́rin láìlo lẹ́ẹ̀dì rárá. Wọ́n á fà á le débi pé igun ọ̀pá á bu wáyà jẹ, irin méjèèjì á wọnú ara wọn, afẹ́fẹ́ kò sì ní rí àyè wọ ibẹ̀ láti mú un dípẹtà. Ẹ̀rọ tẹlifóònù àti ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà ńláńlá ayé ìgbà náà lo ìsopọ̀ yìí, wọ́n sì fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣiṣẹ́. Ibi kan ṣoṣo tí mo ti gbà fún àwọn alátakò láìjanpata ni iná NEPA. Ohun tó bá gbé volts 230, tí ará ilé yóò máa fọwọ́ kàn, kò yẹ kó jẹ́ wáyà ìhòòhò lórí páálí, ìbáà jẹ́ ta ló so ó.

Bí ọ̀rọ̀ bá wá kan máàkì, ohun tí mo ń bẹ àwọn olùkọ́ wa ni pé kí wọ́n má fi dídán iṣẹ́ wọn akẹ́kọ̀ọ́. Ẹni tó bá gbé pánẹ́ẹ̀lì wá kò ṣẹ̀, bí ó bá lè fi èyí tó kọ́kọ́ so lọ́wọ́ hàn, pẹ̀lú àkọsílẹ̀ wáyà tó yí padà àti ìdí tó fi yí i. Ẹni tó gbé Vero board wá náà kò tíì yege torí pé ó fi ọwọ́ ṣe é. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé ẹlòmíràn ni wọ́n sanwó fún láti so ó. Ọ̀nà kan wà láti mọ̀ wọ́n yàtọ̀. Kí olùkọ́ mú pílíásì, kó gé wáyà kan tàbí kó yọ resistor kan, kó sì béèrè lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ohun tí ẹ̀rọ náà yóò ṣe bí iná bá tún wọ inú rẹ̀. Lẹ́yìn ìdáhùn ni kí wọ́n tó tan iná, kí wọ́n wò ó bóyá bó ṣe sọ ọ́ ló rí, kí akẹ́kọ̀ọ́ sì jókòó, kó fi lẹ́ẹ̀dì dá ohun tí wọ́n yọ padà sáyè rẹ̀. Ìdánwò náà kò lè gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ, kò sì sí owó ìrìnnà Ṣáínà nínú rẹ̀.